Ọrùn Ọwọ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Àkókó

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ṣakí, ẹ ti bi mí títí pé kí ni mo rí ní Àkókó tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kì í lè sọ ọ́ tán kí ẹkún tó gbà á, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Kò sí ohun abàmì kankan níbẹ̀. Èèyàn ni mo rí, òkè ni mo rí, mo sì rí ara mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Ṣìfáwù onídìrí ni mí. Ọkọ mi ti kú, a kò bímọ, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo padà sí. Ní ọjọ́ òjò kan mo yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tẹlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi wú. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ní egungun kò kán. Bàbá tó ń to eegun ládùúgbò wa fà á, ó fi òrí pa á, ó ní iṣan ló lọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, wíwú lọ, kò sì sẹ́ni tó tún rí nǹkan kan lára ọwọ́ náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún aṣọ, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, bí mo bá fi ọwọ́ ti ara mi dìde lórí àga, nǹkan kan á gún mi ní ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, á sì ta dé ìgúnpá. Irun dídì kò sì ju yíyí ọwọ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Mùfú, sọ lójú mi pé ọwọ́ mi kò ṣe nǹkan kan, ọ̀lẹ ló wọ̀ mí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú.

Nọ́ọ̀sì kan tí mo máa ń dirun fún, ọmọ Ọ̀kà Àkókó, ló sọ fún mi pé dókítà kan wà ní Ìkàrẹ́, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ni iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà pé kó gbà mí sílé. Èmi ń lọ́ra. Ìyá mi ló di ẹrù mi.

Ọ̀kà nínú ọyẹ́

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ni mo ti lọ dé ìlà oòrùn rẹ̀, àti pé bí a ti kúrò ní Ọ̀wọ̀ ni ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ń wo ẹnu wọn. Èdè náà jọ tiwa bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n dì í mú, á yọ̀. Àwa tá a gbà pé Yorùbá tiwa ló gbayì, mo jókòó síbẹ̀ bí odi.

Àwa ará Ṣakí máa ń rò pé àwa la ni àpáta. Ẹ lọ wo Ọ̀kà. Ilé gun òkè lọ ni, òrùlé ẹnì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kejì. Ẹni tó dúró ní àgbàlá rẹ̀ lè rí ohun tó wà nínú ìkòkò aládùúgbò ìsàlẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀ nígbà tí mo dé, òtútù náà sì wọ inú ọrùn ọwọ́ mi lọ bí ẹni tó mọ ilé.

Ìyá nọ́ọ̀sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ níwèé ní Ṣúpárè, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀kà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kíni nílé, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ó dúró dè mí títí mo fi kí i tán, ó wá ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó bu omi gbígbóná wá pé kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Opó ni. Ọmọ márùn-ún ló bí, gbogbo wọn ti tú ká, òun nìkan ló ń gbé inú ilé oníyàrá mẹ́fà. Mo rò pé obìnrin méjì tí ọkọ wọn ti kú yóò tètè di ọ̀rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. A ń jókòó nínú ilé kan náà, kálukú ń ṣe tirẹ̀.

Ìka kan

Ìkàrẹ́ kò jọ Ọ̀kà. Òkè yí i ká, ìlú wá jókòó sáàárín bí ọbẹ̀ nínú abọ́, ariwo ọjà rẹ̀ sì kún un dé etí. Mo gbọ́ ìpè ìrun ọ̀sán láti mọ́ṣáláṣí kan, mo dúró sójú ọ̀nà kí n lè gbọ́ ọ tán, torí pé òun ni ohùn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ yé láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Ilé dókítà náà ló fi ń ṣe ibi ìtọ́jú. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò, kálukú gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Nígbà tó kàn mí, dókítà ní kí n sọ bí mo ṣe ṣubú, kò já lu ọ̀rọ̀ mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó wá mú òwú dúdú jáde, ó ní kí n dì í bí irun. Kò wo òwú náà rárá. Ọrùn ọwọ́ mi ló tẹjú mọ́.

Ọwọ́ òsì mi tí kò ṣe nǹkan kan ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ní ọwọ́ tó dára ló máa ń sọ bó ṣe yẹ kí ọwọ́ tó ń dunni rí. Ó ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi dìde lórí àga. Ó di egungun apá mi méjèèjì mú níbi tí wọ́n ti parí sí ọrùn ọwọ́, ó ń ti ọ̀kan sókè, ó ń ti èkejì sílẹ̀. Ti òsì kò mì. Ti ọ̀tún mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Lẹ́yìn náà ó fi orí ìka kan ṣoṣo wá ihò kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín, ó tẹ̀ ẹ́. Mo fò dìde.

Ó ní, "Ibí yìí ni."

Mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Kì í ṣe nítorí ìrora náà. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń nawọ́ sí àwọn èèyàn pé ẹ wò ó, ẹ wò ó. Òun lẹ́ni àkọ́kọ́ tó bá mi débẹ̀ láìjẹ́ pé mo júwe.

Ó ṣàlàyé fún mi pé àwòrán egungun, egungun nìkan ló ń rí. Láàárín ìparí egungun apá àti àwọn egungun wẹ́wẹ́ inú ọwọ́, nǹkan rírọ̀ kan wà níbẹ̀, irú èyí tó máa ń dún lẹ́yín bí a bá ń jẹ oríkèé ẹran. Ó dà bí ìrọ̀rí tí a fi okùn so mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kí ọwọ́ lè máa yí lórí rẹ̀. Ìrọ̀rí tèmi ti ya, okùn rẹ̀ kan ti tú. Fífà tí wọ́n fà á nílé kò sì ràn án lọ́wọ́.

Wákàtí kan

Kí ó lè dá a lójú, ó fún mi lábẹ́rẹ́ kan síbẹ̀, oògùn tó ń pa ìrora. Ó ní bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, ìrora yóò lọ fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá sì lọ, a óò wá a síbòmíràn. Mo jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tó pè mí padà, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ṣí ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Mo tún tì í. Mo tún ṣí i. Ó fún mi ní táwẹ́lì tútù, mo fún un títí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́. Kò dùn mí. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín dá, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹni pé wọ́n dá mi padà fún ara mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dirun ẹnì kan, ẹnikẹ́ni, kí oògùn náà tó ṣá. Ó kọ̀.

"Ọwọ́ tí kò bá mọ ìrora mọ́ lè ba ara rẹ̀ jẹ́," ló wí.

Mo bi í pé ṣé yóò là á, kó rán okùn náà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú mi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n wò ó. Ó ń gbọ̀n bí ewé kókò.

Ó ní, "Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wálé. Mo ṣì lè wá a rí. Mi ò lè rán an mọ́."

Ohun tó kù ni pé kí a kọ́kọ́ gbìyànjú láti jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á fi símẹ́ǹtì funfun ti ilé ìwòsàn di ọwọ́ mi kọjá ìgúnpá, kó má lè yí rárá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò purọ́ fún mi. Ó ní mo pẹ́ kí n tó wá. Ó lè so, ó lè má so. Bó bá sì so, kò ní dà bí ti àtijọ́. Kí ọkọ̀ tó gun òkè Ọ̀kà tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oògùn ti ṣá, ìrora ti padà sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ fún wọn ní ọwọ́ náà kí wọ́n dì í.

Ọwọ́ òsì

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ìyà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kò sí nínú símẹ́ǹtì. Inú àwọn nǹkan kéékèèké ló wà. Kò sẹ́ni tí mo lè nawọ́ òsì sí kó má rò pé mo rí òun fín. Mo ń ra iyọ̀ pẹ̀lú òsì, mo ń gba ṣẹ́ńjì pẹ̀lú òsì, mo ń tọrọ àforíjì kiri. Mi ò lè kọ̀wé sílé. Mi ò lè so ìró mi. Màmá Tíṣà ló ń so ó fún mi láàárọ̀, òun ló sì ń fọ ẹ̀yìn mi.

Oúnjẹ wọn, iyán ni. Èlùbọ́ ni wọ́n fi tọ́ mi, mo sì wá a lọ́jà títí, àmọ́ èyí tí mo rí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n á gúnyán lónìí, wọ́n á gún un lọ́la, pẹ̀lú ọbẹ̀ ààpọ̀n tó ń fà bí okùn. Ó dùn, mi ò ní ya aláìmoore. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi kò lè dé ẹnu. Ní ọjọ́ kìíní mo gbé abọ́ mi lọ sí kọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi bí mo ṣe ń fi òsì jẹun. Ní ọjọ́ kejì Màmá pè mí jáde sí tábìlì. Ní ọjọ́ kẹta mo ṣàkíyèsí pé òun náà ń fi òsì bu iyán. Ọbẹ̀ ń kán sí i láyà. Kò wò mí, kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi ọ̀tún jẹun níwájú mi mọ́ títí wọ́n fi tú ọwọ́ mi.

Ohun kan wà tó kọ́kọ́ bí mi nínú. Àgbẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Ojó, ọkùnrin tó ti tó ogójì ọdún. Bó bá wọlé kí Màmá, "ìwọ" ló ń pè é. Kò sí "ẹ" kankan. Mo rò pé ọtí ló mu. Màmá rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní nínú èdè tiwọn, ẹnì kan kì í jẹ́ ẹni púpọ̀, ìyá pàápàá, "ìwọ" ni. Ó ní kí n wo iṣu tí Ojó gbé wá. Mo wò ó: èyí tó tóbi jù lọ nínú oko rẹ̀ ni, ó sì ti ha èèpẹ̀ ara rẹ̀ nù kó tó gbé e wọlé. Èmi ni wọ́n ń pè ní "ẹ̀yin", Ojó àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá ilé-ìwé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀. Bí mo bá yọ sí wọn, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, wọ́n á tẹ́ èdè mìíràn fún mi bí ẹní àlejò. Mo ń dúpẹ́, àmọ́ ó ń dùn mí.

Lẹ́tà

Lẹ́tà Bọ̀dá Mùfú dé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ìdúró ni mo kà á. Ìyá mi ti kú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí lẹ́tà náà fi dé ọ̀dọ̀ mi. Àìsàn ọjọ́ méjì ni, wọ́n sì sin ín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní kí n má wí pé wọn kò sọ fún mi.

Mo mú ọ̀bẹ, mo ní mo fẹ́ gé símẹ́ǹtì náà kúrò kí n lọ sílé. Màmá Tíṣà kò bá mi jà. Ó jókòó tì mí.

"Òkú ti wọlẹ̀, Ṣìfáwù," ó ní. "Ọwọ́ rẹ ṣì wà lókè ilẹ̀."

Òun àti èmi lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Dókítà ní bí mo bá tú u nísinsìnyí, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so yóò já, kò sì ní so mọ́. Ó ní òun kò lè dá mi dúró. Mo jókòó sábẹ́ igi rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, mo wá ní mo máa dúró. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi ni mo yàn án. Wọ́n ti ṣe ìta, àdúrà ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ṣe ìje, ti ọjọ́ keje, kò sí ohun tí mo lè dé bá. Síbẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ìyá mi ní, mo sì jókòó sí ìlú onílùú nítorí ọrùn ọwọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá. Ojó wá, ìyàwó rẹ̀ wá, àwọn arúgbó kan tí mi ò mọ orúkọ wọn wá láti ilé ìsàlẹ̀. Àwọn kan jẹ́ onígbàgbọ́, àwọn kan jẹ́ abọ̀rìṣà, kò sí mùsùlùmí kan láàárín wọn. Wọ́n jókòó. Wọn kò gbàdúrà gígùn, wọn kò sọ pé kí n ṣe ọkàn akin. Arúgbó kan bi mí ní orúkọ ìyá mi. Mo ní Àṣàbí. Ó ní kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Mo sọ pé ó ń jí kọrin, pé kò gbọ́n lọ́jà, pé àwọn alágbàdo ló máa ń rẹ́ ẹ jẹ jù, pé òun ló di ẹrù mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò gbọ́ Yorùbá Ṣakí mi yé tán. Wọ́n ṣáà ń mi orí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pe orúkọ náà lẹ́nu ọ̀nà: Àṣàbí. Wọn kò rí i rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó Ojó yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Kò sọ pé "ẹ". Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ "ẹ" ní òkè yẹn.

Títú

Nígbà tí wọ́n gé símẹ́ǹtì náà, mi ò mọ ọwọ́ mi. Ó rù, ó funfun bí ẹni fi eérú pa á, kò sì lè yí. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ní Ọ̀kà. Mò ń yí ṣíbí igi díẹ̀díẹ̀, mò ń fún kànìnkànìn kékeré nínú omi gbígbóná, mò ń dúró bó bá ti dùn mí. Nígbà tí dókítà tún di àwọn egungun náà mú tó sì tì wọ́n, ti ọ̀tún kò mì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Gígún náà lọ. Kíkan kan ló kù, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn láti yàrá kejì. Ó ní ó ti so, àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ tuntun. Ó ní yóò máa sọ fún mi bó bá ti tó, kí n sì máa gbọ́. Ó kọ lẹ́tà lé mi lọ́wọ́ sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, bí ọjọ́ kan bá dé tí mo fẹ́ kí wọ́n là á. Mo ṣì ní lẹ́tà náà.

Màmá Tíṣà sìn mí dé ibi ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra ó sọ gbólóhùn kan ní èdè Ọ̀kà, kò túmọ̀ rẹ̀, mi ò sì ní kó túmọ̀ rẹ̀.

Ilé

Ẹ̀yin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé. Bọ̀dá Mùfú jókòó sí iwájú yàrá ìyá wa. Ó ní kí ni mo ń tọ́jú tí mo fi gbàgbé òkú ìyá mi. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbà á, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí àpá kankan níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó dìde, ó wọlé. Àárín wa kò tíì gún títí di òní.

Àbúrò ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá Kékeré, wà nínú àgbàlá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé àpótí wá síwájú mi, ó jókòó sáàárín orúnkún mi, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní kí n di ṣùkú fún òun, bó bá rẹ̀ mí kí n sinmi. Ìlà mẹ́rin ni mo dì kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ó tó. Mo dúró. Láyé àtijọ́, kí oúnjẹ tó jinná ni mo ti ń parí ṣùkú. Ó ní kò burú, òun á padà wá lọ́la.

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ní gbogbo ọjọ́ náà, Ìyá Kékeré kò wé gèlè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sọ́jà, apá kan orí rẹ̀ ní ìlà, apá kan rí wúruwùru, obìnrin àgbà tó ti tó àádọ́rin ọdún. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń dá a dúró lójú ọ̀nà láti bi í pé kí ló ṣe orí rẹ̀, àti pé ìdáhùn kan náà ló ń fún gbogbo wọn: "Ọmọ mi ń dì í lọ́wọ́."